Búrẹ́dì Tí Bàbá Hulkar Kò Fẹ́ Bù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe máa ń bí ọmọbìnrin tó ti tó lọ́kọ, kó lọ bi Hulkar, ọmọ Ergash ará ìlú Kuva, nígbà ìwọ́wé. Àsìkò yẹn ni gbogbo àdúgbò máa ń ṣe ìgbéyàwó, torí pé wọ́n ti kórè tán, òtútù kò sì tíì le. Orin á máa dún láti àgbàlá kan dé èkejì, iná aláràbarà á máa tàn lórí géètì àwọn aládùúgbò, Hulkar á sì wà nínú àgbàlá bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá gbá ewé kúrò nídìí àjàrà tán, tó bá yíjú padà, òmíràn á ti wọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Hulkar! Igun tọ̀hún ń kọ́? Àbí àlejò ni yóò bá wa gbá a?"

Bàbá rẹ̀ ló ń pariwo látorí pèpéle abẹ́ àjàrà, níbi tó jókòó sí pẹ̀lú ife tíì rẹ̀.

"Mo ń bọ̀ níbẹ̀, Bàbá."

"O ń bọ̀, o ń bọ̀. Láti àárọ̀ lo ti ń bọ̀."

Hulkar ń gbálẹ̀ lọ. Òun ló fi ẹfun kun ìdí àwọn igi, òun ló sín ata pupa tó fi kọ́ ara ògiri, òun ló fọ géètì tó fi ń dán. Àwọn ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì nìkan ni bàbá rẹ̀ máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú. Òdòdó ìgbà òtútù ni wọ́n, orí wọn tóbi, ọrùn wọn kò lágbára, nítorí náà bàbá a máa gún ọ̀pá tín-ín-rín sínú ìkòkò, a sì so òdòdó mọ́ ọn kó má baà dojú bolẹ̀.

Ọ̀la ni Robiya ń bọ̀. Robiya yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá Davron, òun náà sì ni alárinà tó ń bá Davron tọrọ Hulkar. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì gbé búrẹ́dì rẹ̀ padà lódindi. Alárinà a máa gbé búrẹ́dì róbótó méjì wá nínú aṣọ funfun. Bí bàbá ọmọ bá bù ú, ó parí, wọ́n ti gba ìyàwó. Bí kò bá bù ú, kò sí èébú, kò sí ariwo, alárinà á kàn di búrẹ́dì rẹ̀ padà, á sì kọrí sílé.

Lọ́tẹ̀ yìí, Robiya ti ránṣẹ́ sí Sabohat, ìyá Hulkar, pé òun ò ní wá mọ́ lẹ́yìn èyí. Ìyá Davron ti rí ọmọbìnrin kan ní ìlú Margilon, ọmọ náà mọ aṣọ rán, bàbá rẹ̀ kò sì ní igi kankan lágbàlá. Bí Ergash kò bá bu búrẹ́dì lọ́la, Margilon ni Robiya yóò gbé e lọ.

Hulkar wo igun tí bàbá rẹ̀ ń pariwo lé lórí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni, níbi tí kùkùté igi kan wà lábẹ́ òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àti ewé gbígbẹ. Ká ní ó lè fi ìgbálẹ̀ na kùkùté náà kó sì dá a lóhùn ni, ì bá ti nà án tipẹ́.

Kùkùté yìí gan-an ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Mohira, ẹ̀gbọ́n Hulkar, ń lọ sílé ọkọ, Ergash ní òun fẹ́ kí géètì òun dára ju ti gbogbo àdúgbò lọ. Ó pe Davron, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa fi iná àti aṣọ ṣe àgbàlá lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó. Davron dé tòun ti àkàbà, ó gbé ìdì wáyà kọ́ èjìká, ó bá Hulkar níbi tó ti ń gbẹ́ ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àkàbà yìí mú."

"Ṣé kì í dá dúró ni?"

"Ó máa ń dúró. Ilẹ̀ yín ni kò dúró. Ta ló gbẹ́ ẹ báyìí?"

"Èmi ni. A fẹ́ sin àwọn igi wa sábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kí òtútù má baà pa wọ́n."

"Ìwọ lo gbẹ́ gbogbo èyí? Ọkùnrin ò sí nílé yín ni?"

"Ọkùnrin kan wà lórí àkàbà yẹn, ó sì ń bẹ obìnrin kó di í mú."

Davron rẹ́rìn-ín débi pé wáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Hulkar kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi àkàbà náà sílẹ̀ títí ọkùnrin náà fi ṣe tán, ó sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń so gílóòbù kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀ka láì já ewé kan.

Igi pómégíránétì ńlá kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì nígbà náà, ìyá Ergash ló gbìn ín. Èso rẹ̀ ti pọ́n, àwọn kan ti là tí ọmọ inú wọn ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí Davron rí i, ó lọ bá Ergash. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sin èyí, ẹ má sì ká èso ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi iná sáàárín àwọn èso yẹn. Bí àlejò bá dé ẹnu géètì, wọn ò ní fẹ́ wọlé mọ́." Ergash wo igi, ó wo ọmọkùnrin náà, ó ní, "Ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gbogbo ayé dúró sẹ́nu géètì, tí wọ́n ń ṣe háà. Ergash dúró tì í nínú aṣọ tuntun, ó ń gba oríyìn bí ẹni pé òun ló lóyún àwọn èso náà. Nígbà tí ọjọ́ kejì pé, ó rẹ gbogbo ilé. Nígbà tó tún dọ̀tunla, àlejò ṣì ń wá kí wọn, Ergash kò sì fẹ́ kí wọ́n já iná sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrì dídì ti bá igi náà lórí ìdúró lówùúrọ̀ kan. Nígbà tí òtútù fi kọjá, ó ti gbẹ títí dé ìdí, wọ́n sì fi ayùn gé e.

"Davron ló pa igi ìyá mi," Ergash a máa wí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kó sọ pé òun ló ní "Ṣe é."

Àìmọye ìgbà ni Davron ti padà wá kí òtútù yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ní òun wá wo wáyà, ó ní òun gbàgbé ìdè kan. Nígbà tí kò sí ohun tó kù tó lè gbàgbé, ó rán Robiya.

Robiya jẹ́ obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ. Ó jókòó lórí pèpéle, ó tú aṣọ funfun, ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ergash, ẹ mọ ohun tó gbé mi wá. Ọmọ wa rí òdòdó kan lágbàlá yín."

"Ọmọ yín ti mú igi kan lọ lágbàlá mi ná," ni Ergash dá a lóhùn.

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Ìrì dídì ló pa igi yín, kì í ṣe ọmọ wa."

"Ó dáa." Ergash nàka sí kùkùté náà. "Lọ́jọ́ tí igi yẹn bá rú ewé, lọ́jọ́ yẹn ni n ó bu búrẹ́dì yín."

Robiya bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn nìkan? Ta ni kò mọ̀ pé pómégíránétì kì í kú tán? Orí rẹ̀ ló kú, ìdí rẹ̀ á sọ jáde. Kí oòrùn tó mú, ẹ̀ẹ́ ti máa pè mí."

Hulkar tó fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Igi aládùúgbò wọn tí ìrì dídì ọjọ́ kan náà pa, ó ti ń yọ orí níta.

Ṣùgbọ́n tiwọn kò yọ nǹkan kan. Lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ bá ti mọ́, Hulkar á sáré lọ wò ó, á sì bá bàbá rẹ̀ níbẹ̀ tó ti jí ṣáájú rẹ̀. "Mo ti bomi rin ín. Má fọwọ́ kàn án, ìwọ á ṣẹ́ ẹ." Igi aládùúgbò ga dé orúnkún, ó ga dé èjìká, ó yọ òdòdó. Tiwọn jókòó síbẹ̀ bí òkúta. Nígbà tí ewé tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, Robiya padà wá, Ergash nàka sí kùkùté, Robiya di búrẹ́dì rẹ̀ padà. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ọdún tún yípo, kùkùté kò yí.

Ọkàn Hulkar wá ń dàrú. A máa rò ó pé bóyá Ọlọ́run ló ń fi kùkùté náà sọ fún òun pé ọkọ òun kọ́ nìyí. Á tún rò ó pé Ọlọ́run tó ní ọ̀run àti ayé kò lè máa fi kùkùté jíṣẹ́. Inú á bí i sí igi, á bí i sí Davron tó fẹ́ràn iná jù, á wá bí i sí ara rẹ̀ tó dúró di àkàbà mú.

Lọ́jọ́ tí gbogbo àdúgbò jáde láti kó ewé kúrò nínú kòtò omi, ó rí Davron láàárín wọn tó gbé ṣọ́bìrì dání, bẹ́ẹ̀ àdúgbò mìíràn ló ń gbé.

"Kí lo wá ṣe níbí? Kòtò tiyín ń kọ́?"

"Tiwa ti mọ́."

"Irọ́ ni."

"Ó dáa, kò mọ́." Davron fi ṣọ́bìrì gún ilẹ̀. "Hulkar, ó ti sú mi. N kò lè máa bá kùkùté du ìyàwó mọ́. Mo ra igi tuntun wá fún bàbá yín, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbé e fún aládùúgbò lójú mi."

"Mo mọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e kọjá."

"O sì gbé e?"

"Kí ni kí n ṣe? Kí n jà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Kó o jà. Ìyá mi ń fojoojúmọ́ sọ̀rọ̀ ọmọ Margilon yẹn sí mi létí, ó mọ aṣọ rán, ó mọ aṣọ rán."

"Kó wá rán ẹnu ìyá rẹ."

Davron fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o fẹ́ mi, àbí àánú mi ló ń ṣe ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Hulkar dé egungun. "Davron, ṣé ẹni tí kò fẹ́ ọ ló máa ń jí lójoojúmọ́ lọ bẹ kùkùté pé jọ̀ọ́, rú ewé? Ojú tì mí nítorí rẹ débi pé mi ò lè wo adìyẹ ilé wa lójú." Ó ju ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó yí padà kó má baà rí omijé òun. Davron dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan fi bi í láàárín èrò pé ṣé kòtò ló wá kó ni àbí ó wá kó ọmọbìnrin.

Ìyẹn ni wọ́n bára wọn sọ kẹ́yìn. Ó wá ku ọ̀la.

Nígbà tí Hulkar gbá ilẹ̀ tán, bàbá rẹ̀ dìde ó ní, "Gbé okùn wá. Ká sin àwọn igi tó kù, kí àgbàlá lè mọ́ ní ojú àlejò."

Igi sísin kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan á da gbogbo ara rẹ̀ lé ẹ̀ka lórí títí yóò fi tẹ̀ balẹ̀ láì ṣẹ́, ẹnì kejì á sáré so ó mọ́ èèkàn, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ẹní bò ó, wọn yóò sì da iyẹ̀pẹ̀ lé e kó lè sùn títí òtútù fi máa lọ. Láti ìgbà tí orúnkún ìyá rẹ̀ ti bàjẹ́ ni Hulkar ti ń so, tí bàbá rẹ̀ ń tẹ̀.

"Yára! Mo ń tẹ̀ ẹ́, ìwọ ń wo òfuurufú."

"Mo ti so ó, Bàbá."

"Ó dè. Tún un fà."

"Ó le."

Ergash fọwọ́ kan ìdè náà, kò rí àléébù. "Ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n," ó wí, ó sì rọra dìde, ó di ẹ̀yìn mú. "Mohira yẹn, ìdè rẹ̀ kò lè di òròmọdìyẹ mú. Tìrẹ ló dá mi lójú." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń kùn. Hulkar gbé ẹní bo ẹ̀ka náà. Ká ní ó lè gé ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n náà sílẹ̀ nílé kó sì lọ sílé ọkọ, ì bá ti ṣe é.

Wọ́n sin gbogbo wọn tán, ó ku àjàrà kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ó wọlé lọ kírun. Iyẹ̀pẹ̀ orí igi tí wọ́n sin kẹ́yìn kò tó. Hulkar wò yí ká, kò rí iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀ tó èyí tó wà lórí kùkùté. Bàbá rẹ̀ ti ní kó má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ó ti sú u, ilẹ̀ sì ti ń ṣú lọ, ló bá ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́.

Ní abẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà ló ti rí wọn. Ìdí kùkùté náà kún fún àpá ọ̀mùnú, àwọn kan ti dúdú, àwọn kan ṣì tútù, gbogbo wọn ni wọ́n sì gé mọ́lẹ̀ tónítóní. Ewúrẹ́ kì í jẹ nǹkan báyìí. Ojú àlùmọ́gàjí ni, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń tọ́ òdòdó.

Igi náà kò kú. Kò fìgbà kan kú. Ó ti ń rú ewé láti ọdún kìíní, wọ́n sì ń gé e.

Hulkar kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ibo ni àwọn ọ̀mùnú náà wá lọ? Bàbá rẹ̀ kì í da nǹkan nù, ìṣó tó wọ́ gan-an a máa lù ú kó tún nà. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sórí àwọn ìkòkò òdòdó tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, lórí àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n so òdòdó mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà ní ewé. Ó kọ́kọ́ rò pé ewé òdòdó ló fara mọ́ ọn. Ó fà á sún mọ́ ojú: ewé kékeré, gígùn, tó ń dán, tí etí rẹ̀ ti ń pọ́n bí ti gbogbo igi pómégíránétì lásìkò yìí. Ó rọra fa ọ̀pá náà. Kò yọ. Ó ti ta gbòǹgbò.

Inú bí i débi tí omi fi ń dà lójú rẹ̀ láì sunkún. Ó bá ìyá rẹ̀ nílé ìdáná níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀?"

Sabohat kò béèrè pé kí ni. Ohun tó dun Hulkar jù nìyẹn.

"Mo mọ̀," ìyá rẹ̀ wí. "Mo bá a nídìí kùkùté lówùúrọ̀ kan pẹ̀lú àlùmọ́gàjí, ó ní òun ń gé koríko. Ta ló ń fi àlùmọ́gàjí gé koríko?"

"Ẹ sì dákẹ́! Ìyá, ẹ̀ ń wò mí níbi tí mo ti ń sáré lọ wò ó lójoojúmọ́, ẹ dákẹ́!"

"Mo dákẹ́. Orúnkún mi kò dáa, Mohira ti lọ, ilé yìí tóbi. Mo ní kí n ṣì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn gùn." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Bú mi, ó tọ́ sí mi."

Hulkar kò rí èébú tó tó. "N ó sọ fún Bàbá lójú gbogbo wọn lọ́la pé òpùrọ́ ni wọ́n."

"Má fẹnu bá bàbá rẹ jà. Bí o bá fẹnu jà, wọn á ní o ṣàfojúdi, ọ̀rọ̀ á di ti ẹnu rẹ, wọn á sì borí."

Hulkar dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná náà, ó ń wo àwọn ìkòkò òdòdó lọ́nà géètì.

Lọ́jọ́ kejì, Robiya dé. Davron ló gbé e wá, ṣùgbọ́n ó jókòó sínú ọkọ̀ níta, torí pé ọkọ ọ̀la kì í wọlé lọ́jọ́ ìtọrọ. Ergash dé fìlà tuntun. Wọ́n béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n béèrè àlàáfíà màlúù, Robiya sì tú aṣọ funfun.

"Ẹ̀gbọ́n Ergash, n kò ní pẹ́ ẹ sọ. Ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà ilé yín ju ilé tèmi lọ. Ẹ bù ú, tàbí kí n máa lọ sí Margilon."

"Robiya, mo ti sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ mi kì í yí." Ergash nàka sọ́nà géètì. "Ẹ wo igi náà. Bí mo bá rí ewé kan lára rẹ̀..."

Hulkar ló gbé tíì wá, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ ọmọ ilé. Ó bu fún Robiya, ó bu fún bàbá rẹ̀ tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ sẹ́nu géètì, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò òdòdó mọ́ àyà, iyẹ̀pẹ̀ ń dà sára aṣọ tuntun rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì.

"Kí nìyí?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Òdòdó yín ni, Bàbá. Mo ní kí àlejò wa rí bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀."

"Ó mà dára o," Robiya wí. Ó na ọwọ́ kó fi kan òdòdó náà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí ewé. Ó tẹ̀ síwájú. Ó wo ọ̀pá náà látòkè délẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n. Ewé pómégíránétì lèyí."

"Ọ̀pá lásán ni. Mo fi gbé òdòdó dúró ni."

"Ọ̀pá tó ní ewé? Igi wo lẹ gé e lára ẹ̀?"

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ilé," ni Ergash wí.

"Bàbá," Hulkar wí láì gbé ohùn sókè, "gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn ilé, èmi ni mò ń gé wọn."

Sabohat tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wo ilẹ̀. Ergash wo ewé náà, ojú rẹ̀ pọ́n, lójijì ó la ọwọ́ mọ́ orúnkún ara rẹ̀.

"Ó dáa! Mo gé e! Mo gé e, ó tún ń rú, mo tún gé e! Ẹ wá dá mi lóhùn nígbà náà. Bí mo bá tẹ igi, ta ni yóò so ó? Ẹ dá mi lóhùn! Ìyá rẹ̀ kò lè kúnlẹ̀ mọ́. N ó tẹ igi kan, n ó dùbúlẹ̀ lé e títí ilẹ̀ fi máa ṣú, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa so ó!"

"Ṣé okùn nìyí?" Robiya dìde dúró. "Torí okùn lẹ ṣe jẹ́ kí n máa gbé búrẹ́dì kiri bí ẹni tó ń polówó ọjà? Gbogbo Kuva ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Davron! Davron, wọlé!"

Davron sáré wọlé, ó rò pé ìjà ló ṣẹlẹ̀.

"Ṣé o mọ okùn so?" ni Robiya bi í.

"Wáyà síso ni mo fi ń jẹun, Àǹtí."

"Okùn kì í ṣe wáyà," ni Ergash wí. Ó dìde, ó bọ́ fìlà tuntun rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ sídìí àjàrà tó kù lẹ́nu ọ̀nà, ó da ara rẹ̀ lé e. "So ó ká rí i."

Davron so ó. "Ó dè. Tú u." Ó tún so ó. "O fún un lọ́rùn jù, ẹranko lo fẹ́ pa ni? Tú u." Ó tú u. Òógùn bo ojú rẹ̀ nínú òtútù, aṣọ rere tó wọ̀ kún fún iyẹ̀pẹ̀, Ergash sì ń bú u látorí igi. "Ẹni tó fi iná pa igi ìyá mi, ṣé òun ló fẹ́ so àjàrà mi?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é!" Davron jágbe mọ́ ọn, ó fa okùn náà pẹ̀lú ìbínú.

"Búrẹ́dì yìí ń gbẹ o!" ni Robiya ń pariwo lórí pèpéle.

Ergash rọra gbé ara rẹ̀ kúrò lórí àjàrà náà. Igi náà kò mira. Ó fọwọ́ kan ìdè, ó fà á, ó tún fà á. Kò sọ pé ó dára, ṣùgbọ́n kò ní kó tú u. Ó rìn padà sórí pèpéle, ó jókòó wọọ, ó mú búrẹ́dì náà pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́," ni Sabohat wí.

"Ó ti pẹ́ jù," ni Ergash wí. Ó ti bù ú sí méjì.

Ẹni tó bá rò pé inú Hulkar dùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó wọlé lọ sunkún ìbínú. Gbogbo òwúrọ̀ tó fi bẹ kùkùté ló ń padà wá sí i lọ́kàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìgbéyàwó kù díẹ̀, Davron wá fi iná ṣe géètì wọn lọ́ṣọ̀ọ́, Ergash sì dúró tì í pẹ̀lú ọ̀pá pé wáyà kan kò gbọ́dọ̀ kan igi òun, orí òpó ni kó gbé gbogbo rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ìyàwó lọ, ìgbà tí Hulkar wọnú ọkọ̀, ó bá ìkòkò òdòdó kan lórí ibi tó fẹ́ jókòó sí, ọ̀pá eléwé náà wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ó gbé e lé itan dé ilé ọkọ rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì Davron. Ó ga dé orúnkún kí ewé tún tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Davron ní àwọn yóò sin ín bí ọwọ́ òun bá ti dilẹ̀, torí pé àsìkò ìgbéyàwó ni, iṣẹ́ iná pọ̀. Hulkar ní òtútù kì í dúró de iná. Wọ́n ń jà lé e lórí lówùúrọ̀ kan nígbà tí ẹnì kan ń lu géètì bí ẹni pé ilé ń jó.

Ergash ni. Ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ó fi okùn wé ọrùn, ojú rẹ̀ sì le.

"Ṣé ẹ tún fẹ́ pa á ni? Ẹ fi í sílẹ̀ títí di òní!"

"Bàbá, ẹ káàárọ̀," ni Hulkar wí.

"Káàárọ̀ wo? Ẹ wo òfuurufú." Ó ti wọlé, ó ti dé ìdí igi náà, ó ti kúnlẹ̀.

Igi náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọwọ́ fi lè fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ergash kúnlẹ̀ lé e pẹ̀lú orúnkún méjèèjì, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó ń mí gule-gule. Davron fẹ́ mú okùn. Ergash kò fún un.

"Hulkar," ó wí láì gbójú sókè, "wá so ó."

Hulkar wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ méjèèjì tó wà lófo, tó lè fi so ó fúnra rẹ̀ bó bá fẹ́. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ tútù náà, ó mú okùn lọ́rùn rẹ̀, ó sì so ó.